Ẹni Tó Lọ àti Ẹni Tó Dúró: Ìbò Akọ̀wé Àdúgbò Wa ní Ìgandó

Ọdún tí àwọn aṣòfin ní Àbújá da àtúnṣe òfin tí àwa obìnrin ń bẹ̀bẹ̀ fún nù, ọdún yẹn náà ni ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìgandó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nígbà náà lè má rántí. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Bí ọkùnrin Nàìjíríà bá fẹ́ ará òkè òkun, òfin gbà kí ìyàwó náà di ọmọ Nàìjíríà. A ní kí òfin gbà bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tí ọmọbìnrin Nàìjíríà bá fẹ́. A tún ní obìnrin tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ, kí ó lè pe ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dupò pé kó padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n dìbò, wọ́n ní rárá. Àwọn obìnrin kan lọ dúró sẹ́nu géètì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Orúnkún kò jẹ́ kí èmi lọ. Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò wọ́n, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí wa.

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́. Mo ti bá wọn yanṣẹ́ lódì, mo ti bá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba títí wọ́n fi dá wa lóhùn. Èmi àti olóògbé ọkọ mi ra ilẹ̀ ní Ìgandó nígbà tí èèyàn ṣì ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ kó tó lè rìn dé títì. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ilé. Nígbà tó kú, àkọ́bí mi ọkùnrin tó ń gbé Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ onílé kà sí onílé. Èmi tí mo ń sùn nínú ilé náà, wọ́n ń pè mí wá sí míìtìn, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò lè dìbò, wọn kò sì lè dìbò fún mi.

Alhaji Mùdàṣírù ni alága ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, káfíńtà ni, òun ló sì kan òrùlé ọ̀pọ̀ ilé tó wà ládùúgbò wa. N kò fẹ́ kí ẹ kà á sí èèyàn burúkú. N kò mọ ọ̀rọ̀ kan tó sọ lójú èèyàn tó yí i padà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ayé ní bí a ṣe tò ó: ilé jẹ́ ti ọkùnrin, obìnrin jẹ́ ti ilé ọkọ rẹ̀, àlejò sì jẹ́ àlejò, bó ti wù kó pẹ́ tó. Èyí tó sì gbóná jù lára rẹ̀ ni ti àwọn tó ń kó lọ sókè òkun. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́." Gàníyù, àkọ́bí rẹ̀, ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀ kí ó tó lọ sí Ìlú Ọba. Lọ́jọ́ kan, Gàníyù fi fídíò ránṣẹ́ níbi tó ti ń búra láti di ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀. Alhaji wò ó tán, ó ní, "Ó ti ní ọba mìíràn. Kí ó máa bá ọba rẹ̀ gbé." Láti ọjọ́ yẹn, kì í gbé ìpè ọmọ náà mọ́.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, gbogbo ayé ló ń jápa. O lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ lónìí ní ibùdókọ̀, kí o gbọ́ lọ́la pé ó ti wà nínú bàálù. Ilé ń bẹ tí mẹ́gáàdì nìkan ń gbé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa náà lọ. Àwòrán rẹ̀ nínú yìnyín, lórí Wásáàpù ẹgbẹ́, ni a fi mọ̀ pé a kò ní akọ̀wé mọ́.

Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé láìjẹ́ akọ̀wé ni Ifeọma. Ìkọ̀tún ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ígbò, ń ta gíláàsì fèrèsé níbẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Ó fẹ́ Bọ́ládalé, ọmọ Yorùbá kan tó kọ́lé sí àdúgbò wa, wọ́n sì bí Démiládé. Bọ́ládalé ti ṣáájú lọ sí Kánádà láti lọ wá ibi tí ìyàwó àti ọmọ máa bá a. Gbogbo àdúgbò ń pe Ifeọma ní ìyàwó Bọ́ládalé. Nígbà tí tiransifọ́mà wa jóná, àwọn ọkùnrin kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ mànàmáná, wọ́n sì jókòó de èsì. Ifeọma kó àwa obìnrin lẹ́yìn, ó ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀, ó ń kí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì kúrò níbẹ̀. Ojú ti àwọn ọ̀gá náà nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbé òmíràn wá.

Nítorí náà, ní míìtìn tó tẹ̀ lé e, mo dá orúkọ rẹ̀ fún ipò akọ̀wé. Alhaji bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti ka ìwé òfin ẹgbẹ́ wa?"

"Mo ti kà á, Alhaji."

"Ó ní onílé, tàbí àrólé rẹ̀ lọ́kùnrin. Ìyàwó Bọ́ládalé kì í ṣe onílé, kì í ṣe ọkùnrin. Ká tilẹ̀ wá fojú fo méjèèjì, ṣé ọmọ ibí ni?"

"Ìkọ̀tún ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí ẹ̀yin sí, Èkìtì ni wọ́n bí èmi sí. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ló sún mọ́ Ìgandó jù?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àrẹ̀mú wà níbẹ̀, àgbàlagbà Àwórì tí ìdílé rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ àdúgbò wa tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú jàre. Gbogbo yín ni bàbá mi ta ilẹ̀ fún. Àlejò ni gbogbo yín."

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ mi yé, Tíṣà. N kò kórìíra ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó lè tú lọ́la. Tó bá tú, ibo ló ń lọ? Ilé bàbá rẹ̀. Ṣé ó máa gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa dání lọ síbẹ̀ ni? Àbújá tó ní gbogbo lọ́yà yẹn, wọ́n wo ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, wọ́n ní rárá. Kí ni tàwa?"

Ẹnì kan sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pé, "Bó ti wù ká se ebòlò tó, kò ní ṣàìrùn igbẹ́."

Ifeọma jókòó síbẹ̀. Gbogbo wa ló gbọ́, òun náà gbọ́. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Igbẹ́ Ìkọ̀tún ni mo ń rùn."

Akápò wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ló wá rí ọ̀nà mìíràn. Ó ní bí ó bá jẹ́ ti òfin, kí a fi Bọ́ládalé fúnra rẹ̀ ṣe akọ̀wé. Onílé ni, ọkùnrin ni, ọmọ Yorùbá ni. Ó wà ní Kánádà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóònù ń bẹ.

Alhaji ní, "Akọ̀wé tó wà ní Kánádà?"

Fọlárìn ní, "Ìwé òfin kò sọ pé onílé gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé rẹ̀, Alhaji. Ẹ̀yin náà ni ẹ kọ ọ́."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Alhaji kọ ọ́, ta ló lè rò pé èèyàn á kọ́lé tán kó sì sá fún un? Alhaji wọ gíláàsì rẹ̀ padà. Ó ní kí a dìbò ní oṣù tó ń bọ̀. A mọ̀ pé Fọlárìn náà ń wá fìsà lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ ọjọ́ iwájú rẹ̀ ló ń jà fún.

Lọ́jọ́ kejì, Ifeọma wá sí pálọ̀ mi, ó pe ọkọ rẹ̀ níṣojú mi, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Bàbá Démi, wọ́n ní ẹ gbà?"

"Wọ́n pè mí, mo gbà. Orúkọ mi lásán ni. Ìwọ náà lo máa ṣe iṣẹ́ náà ṣá. Kí ló wá yàtọ̀?"

"Ohun tó yàtọ̀ ni pé èmi ni mo wà níbí."

"Má jẹ́ kí àwọn obìnrin yẹn tì ọ́ síjà o. A ò ní pẹ́ kúrò níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ti kúrò. Èmi kò tíì kúrò."

Ó pa fóònù náà. Kò sunkún. Ó béèrè bóyá omi wà nínú fíríìjì.

Àwa obìnrin ṣe ìpàdé tiwa. Àwọn kan ní ká lọ sílé ẹjọ́, nítorí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Àwọn kan ní ká ti géètì àdúgbò pa. Mo sọ fún wọn pé ẹjọ́ á pẹ́ jù wá lọ, géètì tí a bá sì tì, àwa náà la ti mọ́nú. Ohun tí mo kọ́ nínú ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mo sọ: kí gbogbo wa wá lọ́jọ́ ìbò, kí a jókòó jẹ́ẹ́, bí wọ́n bá ní kí èèyàn tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, kí a tò sẹ́yìn Ifeọma, wọn ì báà pe orúkọ rẹ̀, wọn ì báà má pè é. "Ẹ má bú ẹnikẹ́ni o. Bí ẹ bá bú wọn, èébú ni wọ́n á máa sọ, wọn kò ní sọ ti ìbò mọ́."

Abẹ́ páànù tí Alhaji na síwájú ilé rẹ̀ ni a ti máa ń ṣe míìtìn. Lọ́jọ́ ìbò, àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àwa obìnrin pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìta la jókòó sí. Ojú ọ̀run ti ṣú. Fọlárìn dìde, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ Bọ́ládalé tò sápá ọ̀tún. Àwọn ọkùnrin tò. Àwa náà dìde, a tò sápá òsì, Ifeọma ló wà níwájú. Ọkùnrin díẹ̀ kúrò lábẹ́ páànù wá bá wa, ojú ìyàwó wọn sì tàn. Kò sí ẹni tí kò rí i pé ìlà tiwa gùn jù, òfin ì báà kà wá, ì báà má kà wá.

Fọlárìn ní, "Kò tíì parí. Àwọn onílé tó wà lókè òkun náà fẹ́ dìbò." Ó gbé fóònù sókè.

Báyìí ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, láti ibi tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, láti ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Bọ́ládalé, Bọ́ládalé, Bọ́ládalé. Fọlárìn ń fi ìka kà wọ́n. Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó kúrò nínú ìlà wa.

Ohùn kan wá jáde pé, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Gàníyù ni, ọmọ Alhaji. Bọ́ládalé ni mo fẹ́."

Òjò ń dún lórí páànù. Alhaji ní, "Ohùn ta nìyẹn?" Ó mọ̀ ọ́n. Fọlárìn ní Gàníyù ni. Alhaji na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó gbé e jìnnà sí ojú rẹ̀ bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe.

"Gàníyù."

"Bàbá mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

"Òjò ń rọ̀ níbí. Ṣé ó ń ta sí ọ lára?"

"N kò gbọ́ yín dáadáa, sà."

"Mo ní òjò ń rọ̀ ní Ìgandó. Ṣé ó ń ta sí ọ lára?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ."

Ó dá fóònù padà fún Fọlárìn. Ó ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ pa nǹkan yẹn. N kò ní ka ìbò kankan tó bá ti inú fóònù jáde."

Bí Fọlárìn ṣe ń jiyàn lọ́wọ́, Ifeọma sọ̀rọ̀ láti inú òjò. Kò pariwo. "Alhaji, àwa ńkọ́? Ó ń ta sí wa lára."

Alhaji ní, "Mo rí i, ìyàwó Bọ́ládalé. Ṣùgbọ́n òfin tí a ti kọ, a ti kọ ọ́."

"Ta ló kọ ọ́, sà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ lè tún un kọ."

"Kì í ṣe lónìí. Bí mo bá yí òfin padà nítorí ẹni tó dúró níwájú mi, ẹlòmíràn á wá dúró níwájú mi lọ́la, màá tún yí i padà. Ìyẹn kì í ṣe òfin mọ́."

Ó fagi lé ìbò náà, ti ọ̀tún àti ti òsì. Ó ní kí Ifeọma máa ṣe adelé akọ̀wé lórúkọ ọkọ rẹ̀, títí a ó fi yẹ ìwé òfin wò. Fọlárìn bínú, ó bọ́ sínú òjò lọ. Ifeọma ní òun kì í ṣe adelé ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀ pé kó gbà á, pé nínú ẹgbẹ́ wa, a máa ń kọ́kọ́ di iṣẹ́ mú, kí a tó bá wọn jà lórí orúkọ iṣẹ́. Ó gbà. Ṣùgbọ́n abẹ́ gbogbo lẹ́tà tó kọ, orúkọ tirẹ̀ ló kọ síbẹ̀, kò kọ ti ọkọ rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ó kó wa jáde gbẹ́ gọ́tà, ó bá àwọn ọlọ́kadà tó ń ná Ìjẹ̀gùn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dẹ́kun eré àsápajúdé níwájú ilé ìwé. Ní gbogbo míìtìn, ó máa ń béèrè pé, "Alhaji, ìwé òfin ńkọ́, sà?" Alhaji á ní, "A ṣì ń wò ó."

Wọ́n ń wò ó lọ́wọ́ ni ìwé ìrìnnà Ifeọma àti Démiládé fi jáde.

Mo lọ bá a nílé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ń di ẹrù. Àpótí méjì ló wà nílẹ̀, ó ń tẹ ata gígún mọ́ inú ike kan. Inú ń bí mi díẹ̀, n kò sì fi pa mọ́. Mo ní, "Lẹ́yìn gbogbo ìjà yìí? O mọ̀ pé àlejò ni wàá jẹ́ níbẹ̀ náà."

Ó ní, "Mo mọ̀, Mà. Ṣùgbọ́n wọn ò bí mi síbẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí ní àlejò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n sì ti sọ iye ọdún tí mo máa lò kí n tó di tiwọn. Níbí, ọdún mélòó ni, Mà?"

Mo bá a di ike náà.

Míìtìn tó tẹ̀ lé lílọ rẹ̀, Alhaji mú ìwé òfin wá, ó ti tún un kọ. Ó kà á sí wa létí: ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé àdúgbò, ọkùnrin tàbí obìnrin, onílé tàbí ayálégbé, ibi yòówù kó ti wá, lè dìbò, a sì lè dìbò fún un. Ẹni tó bá ti kó lọ kò ní ìbò mọ́. Fọlárìn ti wà lókè òkun nígbà náà. Kò sí ẹni tó ta kò ó. Lẹ́yìn míìtìn, mo bi Alhaji pé kí ló dé tí kò ṣe é nígbà tí Ifeọma wà nílé.

Ó ní, "Bí mo bá ṣe é nígbà náà, ẹ óò ní ẹ fipá gbà á lọ́wọ́ mi. Báyìí, òfin ni. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni."

Mo sọ fún un pé oúnjẹ tó jinná lẹ́yìn tí ebi ti lé ọmọ kúrò nílé, kí ìyá má fi yangàn. Ó ní mo gbọ́n jù. Ibẹ̀ ni a fi ọ̀rọ̀ náà sí, a kò sì tíì bá ara wa gbà títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí a jèrè, ẹ wá sí míìtìn wa. Akọ̀wé wa báyìí, obìnrin ni, ayálégbé ni, Akówọnjọ ló ti kó wá. Èmi náà ń dìbò. Ṣùgbọ́n a pàdánù ẹni tó jà fún un, kò sì fi ọwọ́ kan èrè náà. Àwọn tó wà lókè òkun ń ráhùn pé àwọn ń fi owó àdúgbò ránṣẹ́, àwọn kò sì ní ẹnu nínú rẹ̀. Alhaji ní kí wọ́n wá gbé ilé wọn. Mo rò pé àwọn náà ní ẹjọ́ díẹ̀, mo sì rò pé Alhaji kò jẹ̀bi tán. Ní ti Àbújá, bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ náà ló wà. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ ará Gánà, wọ́n ń gbé ní Òkè-Odò. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, òun náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọkọ rẹ̀ sì ń tò fún ìwé ìgbélùú. Ká ní àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fẹ́ ará Gánà ni, ọ̀nà ì bá là fún ìyàwó náà. Ẹ̀yin lẹ máa gba ìyẹn. Orúnkún tèmi kò lè gbé e dé Àbújá mọ́.

Ní àìpẹ́ yìí, mo lọ kí Alhaji. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. A sọ̀rọ̀ ọjọ́, a sọ̀rọ̀ ara. Ó wá ní, "Ìyàwó Bọ́ládalé, ṣé ó máa ń pè yín?"

"Ó máa ń pè, Alhaji."

"Ẹ bá mi kí i."

"Ẹ kí i fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí n pè é fún yín báyìí."

Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. "Orúkọ tó máa ń kọ sábẹ́ lẹ́tà yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń pè é?"

"Ifeọma ni."

Ó gbìyànjú rẹ̀, ó ṣì í pè. Mo tún un pè fún un, díẹ̀díẹ̀, bí mo ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó gún. Ó wá tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó ní kí n pè é lórí fóònù.